Ebè Méjìdínlógójì ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Cyprien ní kí Mutmainah pa gbogbo ebè rẹ̀ rẹ́. Kò bá a jà, kò sì ṣe bó ti wí. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ká a sórí itan bí ẹni tí wọ́n ní kó hú iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta.

Ebè náà jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Kì í ṣe ebè oko. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n wà, ní Antátíkà, ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, níbi tí omi ti jìn tó ẹgbẹ̀ta mítà, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò sì dé rí. Mutmainah fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí. Libreville, olú-ìlú Gabon, ni wọ́n bí i sí, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, àdúgbò Oloumi níbẹ̀ ló sì dàgbà sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí Wàrísù bàbá rẹ̀ ti ń ta páàtì mọ́tò láti ìgbà tó ti Ìsẹ́yìn dé. Yìnyín tó mọ̀ kò ju èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń dà lé ẹja lórí lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ bá gbéni dé là ń bá a dé. Ọ́fíìsì kékeré kan wà ní Batterie IV, àdúgbò kan létí òkun ní Libreville, yàrá mẹ́ta péré, tí Madame Lucienne dá sílẹ̀. Ọmọ Gabon ni Lucienne. Ó ti fi ogún ọdún wọn ìsàlẹ̀ òkun fún àwọn tó ń wa epo. Nígbà tí iṣẹ́ epo dín kù, ó lọ bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan lókè òkun ṣe àdéhùn. Àwọn yẹn máa ń gbé ọkọ̀ lọ sí Antátíkà, wọn á sì ju ọkọ̀ kékeré kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ sínú omi. Ọkọ̀ kékeré náà á rì, á máa fò lọ lókè ilẹ̀ òkun bí ẹyẹ, á máa ju ohùn sísàlẹ̀, á sì máa gbọ́ ohùn náà bó ṣe ń padà bọ̀. Bí ohùn bá pẹ́ kó tó padà, ibẹ̀ jìn. Bó bá yá, ilẹ̀ ga níbẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Batterie IV. Àwọn kan nínú wọn á jẹ́ òótọ́, àwọn kan á jẹ́ irọ́: ẹja tó ń kọjá, tàbí ọkọ̀ kékeré tó ń gbọ̀n. Iṣẹ́ Mutmainah ni láti ya irọ́ kúrò lára òótọ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kó sì fi èyí tó kù ya àwòrán ilẹ̀.

Nǹkan bí ẹgbàáfà ọdún sẹ́yìn, yìnyín tó wà ní Antátíkà ju ti òní lọ fíìfíì. Ó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú òkun, ó jókòó, ó tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ayé ń móoru, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ó sì ń fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá lè ka ojú ẹsẹ̀ náà yóò mọ bí yìnyín ṣe máa ń sáré tó bó bá fẹ́ sá. Ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo ẹni tó ń gbé etí omi, nítorí bí yìnyín ọ̀hún bá yọ́, inú òkun kan náà tó ń fọ ẹsẹ̀ àdúgbò Charbonnages ní Libreville ni omi rẹ̀ ń bọ̀.

Ojú ẹsẹ̀ kan báyìí ni Mutmainah gbà pé òun rí. Ilẹ̀ tó tò gbọọrọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ. Nígbà tó fi àwòrán rẹ̀ han bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn ní, "Ebè rèé. Ta ló kọ ebè sábẹ́ òkun?" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ wọn lára.

"Ọmọ mi, kì í ṣe ilẹ̀ nìyẹn," Cyprien sọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Ọmọ Nàgó láti Kétu ni Cyprien, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, òun nìkan sì ni ẹni tó ti dé Antátíkà rí nínú ọ́fíìsì náà. Òun ló bójú tó ọkọ̀ kékeré náà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. "Ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Bó bá ṣe ń gbọ̀n ni ilẹ̀ á máa dà bíi pé ó wú, á sì tún dà bíi pé ó rì. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Pa á rẹ́, kí ibẹ̀ dán, ká fi máàpù ránṣẹ́."

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò," ni Mutmainah dá a lóhùn; bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lédè Faransé ló ń pè é. "Bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn ò yàtọ̀ rárá. Mítà mẹ́jọ, mítà mẹ́jọ."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ ló máa ń dọ́gba báyẹn. Ilẹ̀ kì í lo rúlà."

"Òkun náà kì í lo rúlà, síbẹ̀ ó ń kún, ó ń fà, lójoojúmọ́."

Cyprien wò ó. Mutmainah ṣàlàyé. Etí yìnyín ńlá náà ń léfòó sórí omi, àmọ́ ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀. Bí òkun bá kún, á gbé etí yìnyín sókè díẹ̀. Bí òkun bá fà, yìnyín á tún jókòó, á fún ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde, ẹrẹ̀ náà á sì wú bí ebè. Lọ́jọ́ kejì, yìnyín ti fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀yìn ti àná ló máa jókòó sí. Ebè kan, ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún láti ayé àtijọ́ ló wà níwájú wọn yìí, tí wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ kan pa rẹ́.

"Ó dùn létí," ni Cyprien wí. "Dídùn ọ̀rọ̀ ò sọ ọ́ di òótọ́."

Mutmainah mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó ronú títí di ọ̀sán. Bí ìdọ̀tí bá wà lójú ènìyàn, ibi tó bá yíjú sí ni ìdọ̀tí náà á bá a yí sí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ara ògiri ló wà, orí ò lè yí i. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré náà ti gba orí ebè wọ̀nyẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn, kò ní sí àríyànjiyàn mọ́. Bí ebè bá bá ọkọ̀ yí, irọ́ ni. Bó bá dúró síbi tó wà, ti ilẹ̀ ni. Ó wá inú gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó sì rí i: ọkọ̀ kékeré náà rì lẹ́ẹ̀kejì, lọ́jọ́ kejì, ó sì dábùú ọ̀nà ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹnìkan ti kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kò wúlò.

"Tonton Cyprien, ẹ̀ẹ̀kejì tí ọkọ̀ yẹn rì ńkọ́?"

Ojú Cyprien yí padà. "Èyí tó bàjẹ́ nìyẹn. Fi í sílẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́ta kò tíì lù.

Madame Lucienne ti ń gbọ́ wọn láti yàrá kejì. Ó wọlé, ó dúró lẹ́yìn Mutmainah, ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí. "Ṣé o lè tún un ṣe?" ló béèrè lédè Faransé.

"Mi ò mọ̀, Madame. Ọkọ̀ náà sọnù lójú ọ̀nà, kò mọ ibi tó wà. Mo gbọ́dọ̀ wá àwọn àmì tí ìrìn méjèèjì jọ rí, kí n fi so wọ́n pọ̀."

"Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni máàpù gbọ́dọ̀ jáde níbí. Iṣẹ́ tí mo gbé fún ọ ò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn nítorí èyí. Bí Ẹtì bá dé tí o ò rí nǹkan kan, wàá pa á rẹ́ bí Cyprien ṣe wí."

"Mo gbọ́, Madame."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni Mutmainah ti ń dé ọ́fíìsì, kó lè rí wákàtí méjì fún ebè rẹ̀ kí iṣẹ́ òòjọ́ tó dé. Ìrìn kejì náà dà bí àwòrán tí ènìyàn ya nínú ọkọ̀ tó ń gba gálọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ kékeré náà rò pé apá ibí lòun wà, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀hún ló wà. Mutmainah ń wá ohun tó lè dì mú: àpáta tó dá dúró, tàbí ibi tí òkìtì yìnyín kan ti fi ìdí tulẹ̀ kọjá. Yóò rí ọ̀kan nínú ìrìn àkọ́kọ́, yóò máa wá irú rẹ̀ nínú ìkejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́rú, iná lọ ní Batterie IV kó tó jókòó, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tó máa dé.

Ó palẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́, ó dá tasí dúró, ó ní òun ń lọ sí Oloumi.

Wàrísù ń ka ẹrù tuntun nígbà tó wọlé. Jẹnẹrétọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin jọ ń lò ń ké níwájú ìta. Wàrísù rí báàgì ọmọ rẹ̀. Ó kó àwọn páàdì búréèkì kúrò lórí káńtà, ó nu òróró ibẹ̀, ó fa wáyà iná wá.

"Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Papa. Ẹ ṣé."

Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín fáńbẹ́líìtì àti fíìtà títí di ọ̀sán. Bí oníbàárà bá wọlé, á gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò kí bàbá rẹ̀ lè na ọwọ́ kọjá. Nígbà tí ọjà dákẹ́ díẹ̀, Wàrísù wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ebè yìí, ta ló fojú rí i?"

"Kò sẹ́ni tó fojú rí i, Papa. Ohùn ni wọ́n fi rí i."

Ó rò pé bàbá òun máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú díìsìkì búréèkì kan láti orí pẹpẹ, ó gbé e kọ́ ìka, ó fi sípánà kàn án. Ó dún gooro. Ó mú òmíràn tí ẹnìkan dá padà láàárọ̀, ó kàn án. Ìyẹn ò dún, ó kàn ké pọ́.

"O gbọ́? Èyí ti là. Ojú ò lè rí ibi tó ti là, àmọ́ ohùn á sọ fún ọ."

"Papa, bí ọwọ́ ẹni tó ń kàn án bá ń gbọ̀n ńkọ́? Ohun tí Tonton Cyprien wí nìyẹn."

Wàrísù na sípánà sí i. "Kí o fún ẹlòmíì kó kàn án. Bó bá tún ké bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́."

"Ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn."

"Ó dáa. Máa ṣe é nìṣó." Ó padà sídìí ẹrù rẹ̀. Mutmainah gbọ́ tó ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ òun ti rí ebè bí ọgọ́rùn-ún lábẹ́ òkun, ó sì ti fẹ́ fi hàn gbogbo ayé. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bà á lẹ́rù.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti rí àmì mọ́kànlá. Wọ́n tó. Ó so ìrìn méjèèjì pọ̀, ó gbé ìkejì lé àkọ́kọ́ lórí. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Ó wo ìhà ìlà-oòrùn àwòrán náà: àwọn ebè dúró síbi tí wọ́n wà gbọn-in gbọn-in. Ọkọ̀ gba ibí, wọ́n wà níbẹ̀. Ọkọ̀ gba ọ̀hún, wọ́n wà níbẹ̀. Ó ń kà wọ́n lọ, ọ̀kan, méjì, ogún, ọgbọ̀n, méjìdínlógójì.

Ẹ̀yìn náà ló wo ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tó kù wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti hàn kedere jù, ibẹ̀ náà sì ni àwòrán tó fi han bàbá rẹ̀. Nínú ìrìn kejì, ẹyọ kan ò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́jú bí ẹní tí wọ́n tẹ́.

Ó pa gbogbo rẹ̀ dé, ó tún un ṣí. Bákan náà ni. Ó yí àwọn àmì padà, ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Cyprien wí òótọ́ lórí ìyẹn: ọkọ̀ ló ń gbọ̀n.

Ó dìde, ó jáde sí etí òkun, ó dúró níbi tí ìgbì ń da iyanrìn rú. Èrò kan wá sí i lọ́kàn, kò sì rẹwà. Ó lè fi ìhà ìlà-oòrùn nìkan ṣe ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó máa béèrè ìyókù, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè tún ìrìn kejì náà ṣe láàárín ọjọ́ méjì. Ebè mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún á dúró lórí máàpù, orúkọ rẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó rò ó pé bí àwọn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta yìí bá jẹ́ irọ́, tí òun sì fi wọ́n sílẹ̀, irọ́ wọn á ba òótọ́ méjìdínlógójì jẹ́. Ó gbọn iyanrìn kúrò ní bàtà rẹ̀, ó sì padà.

Ọ̀dọ̀ Cyprien ló kọ́kọ́ lọ. "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ẹ jàre níbi kan. Èmi náà jàre níbi kan."

Cyprien jókòó. Ó wo ìlà-oòrùn, ó wo ìwọ̀-oòrùn, ó tún wo ìlà-oòrùn. Nígbà tó máa la ẹnu, kò sọ ohun tí Mutmainah ń retí.

"Èmi ni mo kọ ọ́ sórí ìrìn kejì pé kò wúlò."

"Kí ló dé, Tonton?"

"Èmi ni mo pè é padà lọ́jọ́ náà kí àkókò tó pé. Yìnyín ń ṣù mọ́ ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀rù bà mí pé ọkọ̀ kékeré máa há sábẹ́ rẹ̀, a ò ní rí i mọ́. Nígbà tó jáde, yìnyín ti ṣí kúrò. Wọ́n ní mo ti jáyà jù. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ títí a fi délé." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo wá kọ ọ́ pé ó bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i mọ́, kí wọ́n má baà tún rántí rẹ̀."

"Ìrìn kejì yẹn ló gbà wá yìí, Tonton," ni Mutmainah wí.

Cyprien ń wo ibi tí ebè òótọ́ ti parí tí ti irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ààlà náà gún régé. Lójijì ló ní, "Aago mélòó ni ọkọ̀ dé ibí yìí?"

Mutmainah wò ó. "Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì."

"Gbé báàgì rẹ. Ìwé mi wà nílé."

Tasí gbé wọn dé Charbonnages, ilé tí Cyprien ń gbé. Ó tú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ìwé kan tí omi iyọ̀ ti wú ní etí jáde. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó fi pẹ́ńsùlù kọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kú fún òtútù. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré náà jáde lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, apá irin kan tó fi ń darí ara rẹ̀ ti tẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe kó tó rì lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì fi hàn pé ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, nǹkan kan gbá a. Ìhà ìlà-oòrùn ló wọ̀n kó tó di ìgbà náà. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ló wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

"Ara rẹ̀ le nígbà tó wọn méjìdínlógójì rẹ," ni Cyprien wí. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́wàá. "Ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn tó fara gbọgbẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún wa."

Lọ́jọ́bọ̀, Mutmainah lọ sí Oloumi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó fẹ́ kí bàbá òun gbọ́ ọ lẹ́nu òun. "Papa, ebè tí mo fi hàn yín, èyí tó wà lórí fóònù, kì í ṣe òótọ́. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló jẹ́ irọ́. Méjìdínlógójì ló kù."

Wàrísù gbé ìgò òróró tó ń nù sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ lo kàn án tí o gbọ́ pé ó ti là?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Papa. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún gbogbo ènìyàn."

"Ṣé ẹnu mi ti kú ni? Màá tún un sọ." Ó yíjú síta, ó pe aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀ gan-an: "Méjìdínlógójì ni o! Ọmọ mi tún un kà!"

Lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó di ọ̀sán, máàpù náà jáde ní Batterie IV. Mutmainah fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n ibí kò ṣeé gbára lé, ó sì kọ ìdí rẹ̀. Cyprien fúnra rẹ̀ kọ ojú ewé kan nípa ìrìn kejì: ìdí tó fi pè é padà, àti pé òun ló sọ pé kò wúlò, àṣìṣe sì ni. Madame Lucienne kà á, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí èyí lọ báyìí?" Cyprien ní kó lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn onímọ̀ náà ń béèrè ìbéèrè bí òjò. Báwo lo ṣe mú àmì? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Báwo lo ṣe mọ̀ pé ebè kan dúró fún ọjọ́ kan, tí kì í ṣe fún méjì? Mutmainah dáhùn gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀, ó sọ pé òun ò mọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ebè méjìdínlógójì, mítà mẹ́jọ láàárín wọn. Láàárín oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀, yìnyín yẹn ti sá sẹ́yìn fún ọ̀ọ́dúnrún mítà. Lónìí, yìnyín tó kù lágbègbè ọ̀hún kì í fà tó bẹ́ẹ̀ ní odindi ọdún kan. Ìyẹn ni pé ó lè yára ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni èsì dé. Wọ́n gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlé. Wọ́n ní méje tó wà létí kò hàn tó, àwọn ò lè kà wọ́n mọ́ ọn, àyàfi bí ẹnìkan bá rí ẹ̀rí mìíràn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Mutmainah ní orúkọ, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé.

Madame Lucienne kà á sókè fún wọn. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹ jẹ́ ká jáde lọ jẹun."

"Mò ń bọ̀, Madame," ni Mutmainah wí, àmọ́ kò dìde. Ó ti ṣí ìrìn kejì, ó ti ń fa àwòrán lọ sí etí, síbi tí àwọn méje wà. Àmì mọ́kànlá ló fi so wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá rí méjì sí i lápá ibẹ̀ yẹn, ó lè hàn ju báyìí lọ.

Cyprien wò ó, ó mi orí, ó sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ tirẹ̀. "Àpáta kan wà níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Lọ sápá òsì díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Mo rántí rẹ̀."